Ìbéèrè Yín, Èsì Wa: Ìmúra Ọdún Kérésìmesì Láìsí Ìsáré Ọjọ́ Ìkẹyìn

Láti ìgbà tí òjò ti ń palẹ̀ mọ́ ni lẹ́tà ti ń wọlé sí ojú ewé yìí lórí ìmúra ọdún Kérésìmesì, púpọ̀ nínú wọn ló sì wá láti ọ̀dọ̀ àwọn ìyá àti àwọn ọmọbìnrin tí gbogbo iṣẹ́ ọdún ń já lé léjìká. A yan márùn-ún tí a gbà pé èsì wọn yóò wúlò fún ọ̀pọ̀ ilé.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, olóòtú wa. Ìbàdàn ni mò ń gbé, ọjà ni mò ń tà, ọmọ mẹ́rin ni Ọlọ́run sì fi ta mí lọ́rẹ. Lọ́dọọdún ni àwọn ẹbí ọkọ mi máa ń ti Èkó wá bá wa ṣọdún, wọ́n sì máa ń tó ènìyàn 12 tí yóò sùn sílé wa. Oṣù Kejìlá náà ni ọjà mi ń yá jù, n kì í sì í ráyè títí di ọjọ́ 22. Lọ́dún tó kọjá, aṣọ àwọn ọmọ kò jáde lọ́wọ́ télọ̀ títí a fi lọ sí ìsìn, orí ìlà ẹ̀rọ ìlọta ni mo sì wà títí alẹ́ fi lẹ́. Báwo ni mo ṣe lè ṣe é tí gbogbo nǹkan kò fi ní dì mọ́ mi lọ́wọ́? — *Ìyá Ọlọ́mọ Mẹ́rin, Ìbàdàn*

Èsì: Ìyá wa, ẹ kú ìmúra ọdún o. Bí mo ṣe ka lẹ́tà yín, ohun kan hàn sí mi gbangba: nínú ohun tó dà yín láàmú lọ́dún tó kọjá, kò sí ọ̀kan tó jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ yín. Ọwọ́ télọ̀ ni aṣọ wà, ìdí ẹ̀rọ ni ata wà. Ẹ kò ráhùn lórí oúnjẹ tí ẹ fúnra yín sè, ẹ kò sì ráhùn lórí ilé tí ẹ fúnra yín tọ́jú. Ibẹ̀ gan-an ni ìdààmú ọ̀pọ̀ abiyamọ ti ń bẹ̀rẹ̀. A máa ń kọ ohun tí a fẹ́ rà àti ohun tí a fẹ́ sè sínú ìwé, a ó wá mú èyí tó rọrùn ṣe ṣáájú, nígbà tí iṣẹ́ tó gbọ́dọ̀ gba ọwọ́ ẹlòmíràn kọjá ṣì wà nílẹ̀.

Nítorí náà, ẹ pín ojú ìwé yín sí méjì. Kí apá kan jẹ́ ti iṣẹ́ tí ẹlòmíràn ni yóò bá yín ṣe é, tàbí èyí tí gbogbo ìlú yóò máa dù pẹ̀lú yín lọ́sẹ̀ ọdún: aṣọ, irun, adìẹ, ata lílọ̀, gáàsì, ọkọ̀. Kí apá kejì jẹ́ ti iṣẹ́ tí ẹ̀yin àti àwọn ọmọ yín lè ṣe nígbàkígbà nínú ilé. Apá àkọ́kọ́ ni kí ẹ ti ṣe ètò rẹ̀ tán kí oṣù Kejìlá tó wọlé, nígbà tí ọjà kò tíì gbà yín lọ́wọ́. Ẹ lè fi apá kejì sílẹ̀ di ọ̀sẹ̀ ọdún, kò ní ṣe yín ní nǹkan kan.

Ẹ jẹ́ ká mú ti télọ̀, torí òun ló ń ba ọdún jẹ́ fún àwọn ọmọdé jù. Ó ṣòro kí télọ̀ tó mọṣẹ́ tó kọ iṣẹ́ ní oṣù Kejìlá. Yóò gba aṣọ lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó bá wọlé, nítorí owó oṣù yẹn ni òun náà yóò fi ṣọdún. Bí iná bá lọ, tàbí tí ọmọṣẹ́ bá gba ìlú rẹ̀ lọ, aṣọ tó wà nísàlẹ̀ òkìtì ni yóò jìyà rẹ̀. Ẹ ra aṣọ ní oṣù Kẹsàn-án tàbí oṣù Kẹwàá, nígbà tí ènìyàn ṣì lè rìn ní ọjà Gbági láìjẹ́ pé wọ́n ń fi èjìká gbá a, kí ẹ sì gbé e fún télọ̀ lọ́sẹ̀ náà. Ẹ má ṣe dá ọjọ́ Kérésìmesì fún un. Ọjọ́ ìsìn orin Kérésì, tí ọ̀pọ̀ ìjọ máa ń ṣe ní ọjọ́ Ìsinmi kan ṣáájú ọdún, ni kí ẹ dá, kí àwọn ọmọ sì wọ aṣọ náà lọ lọ́jọ́ náà ní tòótọ́. Ẹ kò purọ́ fún télọ̀, bí ọwọ́ aṣọ bá sì gùn jù tàbí tí ọrùn bá fún ọmọ, àyè wà láti tún un ṣe. Ẹ ní kí ó fi ìṣẹ́po tó pọ̀ sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ aṣọ àti ní etí ṣòkòtò, nítorí ọmọ tí wọ́n wọ̀n ní oṣù Kẹwàá ti ga sí i kí ọdún tó dé. Ẹ san ìdajì owó, kí ẹ sì di ìdajì yòókù mú títí ọmọ yóò fi wọ aṣọ náà wò níwájú rẹ̀. Ní ti onídìrí, irun tí wọ́n bá dì ní ọjọ́ 19 tàbí 20 ṣì máa dára ní ọjọ́ 25, bí àwọn ọmọ bá ń wé e sùn lálẹ́.

Adìẹ náà ní ìṣirò tirẹ̀. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ ni àwọn olóko ń fi sin adìẹ tí a ń pè ní ẹlẹ́ran kí ó tó tó tà. Ẹni tó fẹ́ tà ní ọjọ́ 20 oṣù Kejìlá ti gbọ́dọ̀ gbé ọmọ adìẹ wọlé ní ìparí oṣù Kẹwàá, iye tó bá sì gbé wọlé nígbà náà ni yóò ní lọ́wọ́. Ẹni tó bá bá olóko sọ̀rọ̀ nígbà yẹn, tó sì san àsansílẹ̀, ni wọ́n ń ya tirẹ̀ sọ́tọ̀. Bí olóko bá lè bá yín pa á, kí ó tu ìyẹ́ rẹ̀, kí ó sì gé e, ẹ san owó yẹn fún un. Ìdajì ọjọ́ kan ni ẹ rà padà, fún ẹni tó ní àlejò 12, kò sí owó tó tún ṣeé ná sí ibi tó dára ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ wá kan ata. Gbogbo wa la mọ bí ìdí ẹ̀rọ ìlọta ṣe máa ń rí ní ọjọ́ 24: abọ́, ìṣasùn àti bọ́kẹ́ẹ̀tì tò láti ẹnu ẹ̀rọ dé etí títì, omi tòmátì ń kán sílẹ̀, àwọn ọmọ tí wọ́n rán wá jókòó ti abọ́ wọn kí ẹnikẹ́ni má baà gbé tirẹ̀ síwájú, ẹ̀rọ náà á sì dédé kú, wọ́n á ní ẹni tó lọ ra epo ń bọ̀. Kò sí ìdí kan tí ẹ fi gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Ẹ ra tòmátì, tàtàṣé, ata rodo àti àlùbọ́sà ní ọjà Bódìjà ní nǹkan bí ọjọ́ 16, kí ẹ lọ̀ ọ́ lọ́jọ́ náà. Ẹ dà á sínú ìkòkò ńlá láìfi òróró sí i, kí ẹ jẹ́ kí ó hó títí omi rẹ̀ yóò fi gbẹ, tí yóò ki, tí yóò sì máa ta púú-púú sókè. Nígbà tí ó bá tutù, ẹ wọ̀n ọ́n sínú ọ̀rá, ìwọ̀n ìkòkò ọbẹ̀ kan nínú ọ̀rá kan, kí ẹ kọ ohun tó wà nínú rẹ̀ sí ara ọ̀rá, kí ẹ sì kó o sínú fírísà. Ní òwúrọ̀ ọdún, òróró, àlùbọ́sà àti àwọn èròjà yòókù nìkan ni yóò kù.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀wà tí ẹ fẹ́ fi ṣe mọ́ínmọ́ín. Ẹ rẹ ẹ́, ẹ bó o, ẹ ṣan èèpo rẹ̀ dànù, kí ẹ sì sá a sóòrùn títí yóò fi gbẹ kanrankanran. Ọyẹ́ oṣù Kejìlá á bá yín gbẹ ẹ́ kíákíá. Lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ọdún, ẹ kàn máa rẹ ẹ́ sómi padà ni. Àwọn ọmọ ilé ìwé ti máa ń wà nílé láti àárín oṣù, ẹ̀wà bíbó sì jẹ́ iṣẹ́ tí ọmọ ọdún mẹ́jọ lè ṣe pẹ̀lú ìtàn àti orin.

Lórí owó, èmi fara mọ́ àjọ oúnjẹ tí àwọn obìnrin ń dá láti oṣù Kìíní, tí wọ́n fi ń pín ìrẹsì, òróró àti tòmátì inú agolo ní oṣù Kejìlá, bí ẹni tí owó wà lọ́wọ́ rẹ̀ bá jẹ́ ẹni tí ẹ mọ ilé rẹ̀ tí ẹ sì mọ ìwà rẹ̀. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tó ní ìwé ìṣirò tún dára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ ra ohun tí kì í bàjẹ́ ní oṣù Kẹwàá àti oṣù Kọkànlá, díẹ̀díẹ̀. Kí ẹ tó ná kọ́bọ̀ kan nínú èrè oṣù Kejìlá, ẹ yọ owó ilé ìwé táàmù kejì sọ́tọ̀, nítorí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kìíní ni wọn yóò béèrè rẹ̀.

Ó ku àwọn àlejò. Ẹ jẹ́ kí ọkọ yín pe àwọn ẹbí rẹ̀ lórí fóònù ní oṣù Kọkànlá, kí ó béèrè ọjọ́ tí wọn yóò dé, iye tí wọn yóò jẹ́ àti ọjọ́ tí wọn yóò padà. Kí òun náà ló sọ fún wọn ohun tí oníkálukú yóò gbé dání: ẹnì kan gbé ohun mímu, ẹnì kan gbé òróró, ẹnì kan gbé ẹní àti aṣọ ìbora. Bí ó bá ti ẹnu yín jáde, wọ́n lè gbà á sódì. Bí ó bá ti ẹnu ọmọ wọn jáde, ètò ẹbí ni.

Ìbéèrè: Ẹ káàárọ̀ mà. Ọmọ ọdún 17 ni mí, èmi sì ni àkọ́bí. Bí ọdún bá dé, èmi àti màmá mi ni a máa ń wà ní ìdáná láti àárọ̀ títí alẹ́, tí àwọn àbúrò mi ọkùnrin méjì yóò jókòó sí pálọ̀ tí wọ́n ń wo bọ́ọ̀lù. Mi ò fẹ́ kí màmá mi rò pé mo ya ọ̀lẹ. Kí ni kí n ṣe? — *Àkọ́bí, Abẹ́òkúta*

Èsì: Ọmọ mi, o kò ya ọ̀lẹ, ohun tí ò ń sọ kò sì burú. Kò tọ́ kí àwọn méjì tí wọ́n ní ọwọ́ àti ẹsẹ̀ jókòó nígbà tí ìyá wọn ń ṣiṣẹ́ lórí ìdúró. Ṣùgbọ́n má ṣe sọ ọ́ ní ọjọ́ ọdún, nígbà tí iná ń jó màmá rẹ lójú. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejìlá, ní ìrọ̀lẹ́ tí ara bá tù wọ́n, kúnlẹ̀ kí o sì sọ pé, "Màmá, ẹ jẹ́ ká kọ iṣẹ́ ọdún sílẹ̀, kí ara lè dẹ̀ yín." Kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé pẹ̀lú wọn, kí ẹ fi orúkọ sí iwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí o sì jẹ́ kí màmá rẹ fúnra wọn dárúkọ àwọn àbúrò rẹ.

Iṣẹ́ tí ọkùnrin lè ṣe pọ̀. Kí wọ́n pọn omi kún àgbá ní ọjọ́ 23. Kí wọ́n gbé gáàsì lọ rọ kí ó tó di ọ̀sẹ̀ ọdún. Kí wọ́n fọ ìkòkò ńlá tó ti wà lókè àjà láti ọdún tó kọjá. Oúnjẹ pípín fún àwọn ará àdúgbò ni kí o fi lé wọn lọ́wọ́ pátápátá, nítorí iṣẹ́ tó ń jẹ àkókò jù lọ nìyẹn, a kì í sì í kà á mọ́ iṣẹ́. Kọ orúkọ ilé kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, pàápàá àwọn aládùúgbò wa Mùsùlùmí tí wọ́n ń gbé ẹran wá fún wa ní Iléyá, kí a má baà gbàgbé ẹnikẹ́ni. Wá abọ́ tó ní ìdérí ṣáájú, kí o lẹ orúkọ mọ́ ọn. Bí oúnjẹ bá ti jinná, màmá rẹ á bù ú, àwọn àbúrò rẹ á sì gbé e lọ nígbà tó ṣì gbóná. Wọ́n ṣì lè wo bọ́ọ̀lù wọn lẹ́yìn náà.

Ìbéèrè: Olóòtú, ẹ sábà máa ń gba ènìyàn nímọ̀ràn pé kí a sè é sílẹ̀, kí a kó o sínú fírísà. Àwa tí iná mọ̀nàmọ́ná kì í dúró lọ́dọ̀ wa ń kọ́? — *Olùkọ́ kan, Òṣogbo*

Èsì: Òdodo ọ̀rọ̀ ni, ọ̀gá. Fírísà tó kún fọ́fọ́, tí ẹnikẹ́ni kò sì ṣí, lè mú oúnjẹ dì fún nǹkan bí wákàtí 48 lẹ́yìn tí iná bá lọ. Èyí tó kún dé ìdajì kò kọjá nǹkan bí wákàtí 24. Nítorí náà, bí oúnjẹ yín kò bá kún un, ẹ fi omi inú ọ̀rá di àwọn àlàfo tó kù, kí ó dì pẹ̀lú wọn. Ẹ lẹ ìwé kan mọ́ ara fírísà, kí ẹ kọ ohun tó wà nínú rẹ̀ àti apá ibi tó wà, kí àwọn ọmọ má baà ṣí i sílẹ̀ kí wọ́n máa wá nǹkan. Fíríjì lásán kò ní irú agbára bẹ́ẹ̀: lẹ́yìn nǹkan bí wákàtí mẹ́rin láìsí iná, ohun tó wà nínú rẹ̀ ti ń móoru.

Bí iná yín bá wá burú ju báyìí lọ, ẹ fi fírísà sílẹ̀, kí ẹ mú ohun tí kò nílò rẹ̀ ṣe ṣáájú. Ẹ lè dín chin-chin ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ọdún. Bí ó bá ti tutù pátápátá kí ẹ tó dé e, kì í rọ̀. Ẹ bó ẹ̀wà gbígbẹ bí mo ṣe ṣàlàyé fún Ìyá Ọlọ́mọ Mẹ́rin. Àmọ́ ìrẹsì sísè kì í ṣe ohun tí a ń sè sílẹ̀. Irú kòkòrò àìfojúrí kan wà nínú ìrẹsì tí hihó kì í pa tán, bí a bá sì fi ìrẹsì sílẹ̀ nínú ooru fún ìgbà pípẹ́ yóò pọ̀ sí i, oró tó ń tú jáde kì í sì í kúrò nígbà tí a bá tún un gbé kaná. Ìlànà Àjọ Ìlera Àgbáyé ni pé kí oúnjẹ tí a ti sè má ṣe ju wákàtí méjì lọ nílẹ̀ láìjẹ́ pé ó wà lórí iná tàbí nínú ohun tó tutù. Ẹ sè é ní ìkòkò kéékèèké lẹ́ẹ̀mejì lọ́jọ́ náà dípò ìkòkò ńlá kan láàárọ̀. Ata yín tó ti wà ní sẹpẹ́ ni yóò jẹ́ kí èyí ṣeé ṣe.

Ìbéèrè: Èkó ni mo ti ń ṣiṣẹ́, Ògbómọ̀ṣọ́ ni ilé wa. Ọjọ́ 24 ni mo máa ń kúrò níbí, ó sì máa ń ti rẹ̀ mí kí n tó délé. Ọ̀nà wo ló yá jù? — *Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, Èkó*

Èsì: Àbúrò mi, ọjọ́ 24 gan-an ni ìṣòro yín. Owó ọkọ̀ á ti wọ́n ní gáréèjì, gbogbo ìlú á sì ti dé ojú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn. Bí ibi iṣẹ́ yín bá lè gbà, ẹ tọrọ ààyè láti oṣù Kọkànlá, kí ẹ lọ ní ọjọ́ 20 tàbí 21, kí ẹ sì padà lẹ́yìn ọdún tuntun. Bí kò bá ṣeé ṣe, ẹ wo ti ọkọ̀ ojú irin tó ti ń gbé èrò láti ọdún 2021. Ẹ̀bútè Mẹ́tà ló ti ń gbéra ní Èkó, Mọ́níyà ló sì dúró sí ní Ìbàdàn. Ojú ọ̀nà Ọ̀yọ́ ni Mọ́níyà wà, nítorí náà ẹni tó ń lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ ti fo gbogbo súnkẹrẹ fàkẹrẹ inú Ìbàdàn kọjá. Tíkẹ́ẹ̀tì ọ̀sẹ̀ ọdún kì í pẹ́ tán, ẹ rà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní kété tí wọ́n bá ti ṣí títà rẹ̀. Ẹ má sì gbé ẹrù ìrẹsì láti Èkó. Ẹ fi owó rẹ̀ ránṣẹ́ sí màmá yín kí wọ́n rà á nílé.

Ìbéèrè: Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. London ni mo wà pẹ̀lú ọkọ àti ọmọ mi, ilé wa sì ni àwọn ọmọ Yorùbá bíi mẹ́wàá yóò ti jẹun ní ọjọ́ Kérésìmesì. Ọdún àkọ́kọ́ tí mo máa gbàlejò níbí nìyí, mo sì fẹ́ mọ ohun tí mo lè gbójú fò. — *Ìyàwó Ilé, London*

Èsì: Ìyàwó wa, ẹ kú àmójútó. Ohun méjì ló máa ń mú ẹni tó ti Nàìjíríà lọ. Èkíní ni pé ọ̀pọ̀ nǹkan ló ń dúró ní ọjọ́ 25. Bọ́ọ̀sì kì í ṣiṣẹ́ ní London lọ́jọ́ náà, ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ kì í rìn, òfin sì ka ṣíṣí àwọn ilé ìtajà ńlá léèwọ̀. Ẹ má fọkàn sí i pé ẹ ó rán ọmọ lọ ra maggi ní ìsọ̀ ìtòsí. Kí ẹ ti béèrè lọ́wọ́ àlejò kọ̀ọ̀kan, ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, bí yóò ṣe dé ọ̀dọ̀ yín àti bí yóò ṣe padà. Kí ẹni tó ní mọ́tò mọ ẹni tí yóò gbé. Ẹ ra ẹ̀wà, gààrí, epo pupa àti iṣu yín lọ́wọ́ àwọn ará wa tó ń tà á ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù.

Èkejì ni tòlótòló dídì. Ìlànà tí wọ́n ń tẹ̀ lé níbẹ̀ ni pé nínú fíríjì, kílò kan máa ń gba nǹkan bí wákàtí mẹ́wàá sí méjìlá kí ó tó yọ́ tán. Tòlótòló kílò márùn-ún yóò gba wákàtí 50 sí 60. Bí ẹ bá fẹ́ gbé e sínú ààrò ní òwúrọ̀ ọjọ́ 25, òwúrọ̀ ọjọ́ 22 ni kí ó ti kúrò nínú fírísà, kí ẹ fi àwo jíjinnú sí abẹ́ rẹ̀ kí omi rẹ̀ má baà kán sórí oúnjẹ mìíràn. Ẹni tó bá yọ ọ́ lálẹ́ ọjọ́ 24 yóò bá yìnyín nínú rẹ̀ ní òwúrọ̀. Àwọn kan máa ń gé e sí wẹ́wẹ́ lọ́dọ̀ alápatà, wọ́n á bọ̀ ọ́, wọ́n á sì dín in bí a ṣe ń ṣe nílé; èyí yá jù, kò sì gba ààrò lọ́wọ́ mọ́ ìrẹsì.

Bí ẹ bá sì máa ń fi owó ọdún ránṣẹ́ sí àwọn òbí yín, ẹ má jẹ́ kí ó di ọ̀sẹ̀ Kérésìmesì. Ẹ fi í ránṣẹ́ ní oṣù Kọkànlá, kí wọ́n lè fi san àsansílẹ̀ adìẹ, kí wọ́n sì ra ìrẹsì kí ọjà tó gbówó lórí.